Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ọkàn ń gbọgbẹ́: bí a ṣe lè mọ ìdààmú tí ọ̀dọ́langba ń fi pamọ́

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìròyìn kan á jáde tí yóò da gbogbo èèyàn rú. Ọmọ ọdún 16 gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn ará ilé ní àwọn kò rí nǹkan kan. Olùkọ́ ní ọmọ dáadáa ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó ṣì dẹ́rìn-ín pa àwọn lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àwa tí a gbọ́ ìròyìn náà á wá pín sí méjì: àwọn kan á ní òbí yẹn ni kò lajú sílẹ̀, àwọn yòókù á ní kò sí bí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe mọ̀.

Èmi kò gba ti ìhà méjèèjì. Ní ọdún 2019, àwọn oníwàdìí kan ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n bi àwọn ọmọ tó lé ní 5,000 léèrè ọ̀rọ̀, láti orí ọmọ ọdún 11 dé orí ọmọ ọdún 17, wọ́n sì bi òbí wọn lọ́tọ̀. Nínú àwọn ọmọ tó sọ pé àwọn ti ronú àtipa ara àwọn rí, nǹkan bí ìdajì òbí wọn ni kò mọ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Mi ò gbà pé ìdajì yìí kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Ẹkún ni ọ̀pọ̀ wa ń wá lójú ọmọ ká tó gbà pé ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹkún ni ohun tí ọ̀dọ́langba kì í sábà jẹ́ ká rí. Ìyípadà ló yẹ ká máa wá.

Kí ni à ń pè ní ìdààmú ọkàn?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹni tó wà láàárín ọdún 10 sí 19 sí ọ̀dọ́langba. Ìdààmú ọkàn ni ká sọ pé ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń là kọjá nínú lọ́hùn-ún, ìbànújẹ́ ni o, ẹ̀rù ni o, ìtìjú tàbí ìbínú, ti ju ohun tí agbára rẹ̀ lè gbé lọ, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba oorun, oúnjẹ, ẹ̀kọ́ tàbí àárín òun àtàwọn èèyàn jẹ́. Ó lè ní ìdí tí gbogbo wa rí: ẹni tó fẹ́ràn kú, àwọn òbí kọ ara wọn sílẹ̀, àwọn kan ń fìtínà rẹ̀ nílé ìwé. Ó sì lè máà ní ìdí kankan tó hàn síta.

Ìdààmú kì í ṣe àìsàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń lọ bí ohun tó fà á bá ti rọlẹ̀, tí ẹnì kan sì dúró ti ọmọ náà. Àmọ́ tó bá pẹ́ tó sì ta gbòǹgbò, ó lè di ìsoríkọ́, ìyẹn ìbànújẹ́ tàbí òfìfo tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan dùn mọ́ èèyàn mọ́, tàbí kó di àníyàn tí kò ṣeé pa mọ́ra. Àwọn dókítà kì í pe nǹkan ní ìsoríkọ́ àfi tó bá ti wà lára ẹni náà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, lójoojúmọ́ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọ̀dọ́langba 7, ọ̀kan ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Púpọ̀ nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí kò jọ wèrè rárá. Ọmọ tó ní in lè wẹ̀, kó wọṣọ, kó sì lọ sílé ìwé láàárọ̀ ọ̀la.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi í pamọ́?

Ìdí pọ̀. Ojú ń tì wọ́n. Wọn kò fẹ́ dá kún ẹrù òbí tí wọ́n rí i pé wàhálà ti pọ̀ fún. Àwọn kan ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí, ohun tí wọ́n sì gbọ́ ni pé ìyà wà tó ju ìyẹn lọ láyé. Ẹ̀rù ń ba àwọn mìíràn pé bí àwọn bá là á mọ́lẹ̀, fóònù ni òbí máa kọ́kọ́ gbà. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Fún ọmọ tí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un wà lórí fóònù yẹn, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́.)

Ìdí kan tún wà tí a kì í rántí: ọmọ náà lè máà mọ ohun tó ń ṣe òun. Bí èèyàn ṣe ń bàlágà, ibi tí ìmọ̀lára ti ń ru sókè nínú ọpọlọ ti máa ń ṣiṣẹ́ gidigidi, nígbà tí iwájú ọpọlọ, tó ń bá wa gbé nǹkan yẹ̀ wò tó sì ń kó wa níjàánu, kò tíì gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25. Ó lè máa jẹ ẹ̀dùn yẹn ní kíkún, kó má sì rí ọ̀rọ̀ tó máa fi gbé e kalẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló dé, ó ní “Mi ò mọ̀.” Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ.

Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ohun tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ẹ̀rín inú kíláàsì kò sọ bí inú ṣe rí.

Ṣé kì í ṣe ìwà àwọn ọ̀dọ́ ni?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń pọ́n òbí lójú, torí pé ó máa ń jọ ọ́. Ọ̀dọ́langba tó wà ní àlàáfíà ara náà ń tilẹ̀kùn mọ́rí. Ó ń jiyàn. Ó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ ju ilé lọ. Oorun òru wọn náà ní ìdí nínú ara: nígbà ìbàlágà, aago tó wà nínú ara máa ń sún síwájú, ó lè tó wákàtí méjì, oorun kò sì ní tètè kùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ wákàtí 8 sí 10 ni ara wọn nílò lálẹ́ kan. Ọmọ tó ṣòro láti jí láàárọ̀ lè máà ya ọ̀lẹ.

Nítorí náà, kò sí ìwà kan ṣoṣo tí mo lè dárúkọ kí n ní, “Ẹ bá rí eléyìí, ó ti di wàhálà.” Ọmọ fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ń fi ọmọ aládùúgbò díwọ̀n tirẹ̀ dà bí ẹni tó fi bàtà ọmọ ọlọ́mọ wọn ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀, tó wá ń bínú pé ẹsẹ̀ kò wọlé. Ọmọ tó dákẹ́ láti kékeré, tó sì ṣì dákẹ́, lè máà ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀, tó wá pa rọ́rọ́ fún oṣù kan, ìyẹn ni ká dìde sí.

Ẹ wo bó ṣe ti pẹ́ tó. Ẹ wo bóyá ibì kan ṣoṣo ló ti ń ṣẹlẹ̀ àbí níbi gbogbo: ọmọ tó ń fajú ro nílé ṣùgbọ́n tó ń tú yáyá lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, tó ṣì ń ṣe ohun tó fẹ́ràn, ó lè jẹ́ pé òbí ló ń sú u. Mo máa ń sọ fún èèyàn pé ọ̀dọ́langba tó ń sá fún òbí kì í ṣe tuntun; èyí tó ń sá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n tẹjú mọ́. Kí wọ́n sì bi ara wọn pé kí ni ọmọ yìí ti jọ̀wọ́ rẹ̀? Bọ́ọ̀lù tó ń gbá, àwòrán tó ń yà, orin tó ń kọ, ẹgbẹ́ tó wà. Bí nǹkan tó ń mú inú rẹ̀ dùn bá ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sì sí òmíràn tó rọ́pò wọn, ẹ má dúró kó sunkún.

Ìbínú tó bo ìbànújẹ́ mọ́lẹ̀

Nínú gbogbo àmì, èyí ni mo rò pé a ń ṣì mú jù. Àgbàlagbà tó ní ìsoríkọ́ sábà máa ń fajú ro. Ọmọ ọdún 14 tó ní in lè jẹ́ pé ṣe lá máa kanra. Èyí kì í ṣe èrò ọkàn mi lásán: ìwé DSM-5 tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, tó jáde ní ọdún 2013, sọ pé nínú ọmọdé àti ọ̀dọ́langba, ìkanra lè dúró fún ìbànújẹ́ nígbà tí dókítà bá ń wá ìsoríkọ́.

Ẹ ní kó wá jẹun, ó jágbe. Àbúrò fọwọ́ kan ìwé rẹ̀, ilé gbóná. Ìlẹ̀kùn ń gbá. Ohun tí ojú wa rí ni àrífín, ohun tí a sì fi fèsì ni ìyà. Ọmọ náà á wá rí i pé òótọ́ ni èrò tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé òun kò dára, pé òun ń ni gbogbo èèyàn lára. Ó tún fẹ́ ká ṣọ́ra lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin. Lẹ́yìn ìbàlágà, iye ọmọbìnrin tí ìsoríkọ́ ń mú tó ìlọ́po méjì iye ọmọkùnrin. Síbẹ̀, tọkùnrin sábà ń gba ojú ìjà yọ, tàbí ọtí, oògùn olóró, eré tó lè gbẹ̀mí. Ìbáwí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rí gbà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi í pé báwo lọkàn rẹ̀ ṣe wà.

Mi ò sọ pé ká gba àrífín láyè o. A lè ní “O ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sí mi báyẹn,” ká sì tún padà wá nírọ̀lẹ́ láti béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ ìbínú náà.

Nígbà tí ara bá ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ

Orí fífọ́. Inú rírun. Ẹ̀yìn dídùn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan, ilé sì gbà pé irọ́ ló ń pa kó má bàa lọ sílé ìwé. Kò dájú pé irọ́ ni. Bí ọkàn bá wà nínú ìpayà, ara máa ń tú àwọn hòmóònù kan sílẹ̀ tó ń mú iṣan le tó sì ń da ìfun láàmú, ìrora tó ń tibẹ̀ wá sì jẹ́ ìrora gidi. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká kọ ọjọ́ àti àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Inú tó ń run ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó sì ń dákẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì ń tọ́ka sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wò ó ná, torí pé ọmọ tí ìdààmú bá náà lè ní àìsàn ara.

Ẹ wo oorun pẹ̀lú: ọmọ tó ń jí láàárín òru tí kò lè sùn mọ́, tàbí tó ń sùn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tó sì jí pẹ̀lú àárẹ̀. Ẹ wo oúnjẹ tó ṣàdédé dín tàbí tó ṣàdédé pọ̀. Ẹ sì wo aṣọ. Ọmọ tó ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru, tó kọ̀ jálẹ̀ láti pààrọ̀ aṣọ níbi tí ẹlòmíràn wà, lè máa bo ojú ọgbẹ́ tó dá sí ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò wá ojú ayé. Ìrora inú ni wọ́n ń wá bí yóò ṣe fúyẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má pariwo, ẹ má sì jẹ́ kó búra pé kò ní tún un ṣe. Ẹ tọ́jú ojú ọgbẹ́ náà, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ọmọ tó ń ṣe dáadáa jù

Ọmọ tí máàkì rẹ̀ lọ sílẹ̀, olùkọ́ á ránṣẹ́ sí òbí. Ta ló máa ránṣẹ́ nítorí ọmọ tó gba ipò kìíní?

Irú wọn wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń sá fún ọkàn ara wọn. Wọ́n ń kàwé di ọ̀gànjọ́, kì í ṣe torí pé ìwé dùn mọ́ wọn, bí kò ṣe pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Bí wọ́n bá gba 92, 8 tó sọnù ni wọ́n máa fi òru náà rò. Wọn kò lè sinmi láìdá ara wọn lẹ́bi. “Ẹ má bínú” kì í tán lẹ́nu wọn, kódà níbi tí wọn kò ti ṣẹ ẹnikẹ́ni. Òmíràn wà nínú wọn tó sọ ara rẹ̀ di òbí kejì nínú ilé: òun ló ń tu ìyá nínú, òun ló ń parí ìjà, òun kì í béèrè nǹkan kan. Ilé á ní ọmọ yìí gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Mo ti wá ń fura sí oríyìn yẹn. Nígbà mìíràn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọmọ náà ti rí i pé kò sí àyè fún wàhálà tirẹ̀ nínú ilé.

Apanilẹ́rìn-ín kíláàsì náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ẹni tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ni nígbà gbogbo, bó ṣe burẹ́wà, bó ṣe ya òmùgọ̀, bí ayé kò ṣe ní mọ̀ tí kò bá sí mọ́, kò yẹ ká kàn rẹ́rìn-ín ká kọjá lọ.

Bí ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí nǹkan bá wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo ọmọ ni ìkùnà ń dùn. Èyí tí ìkùnà kékeré sọ di ẹni tí kò lè jẹun, tó ń ní òun kò wúlò fún nǹkan kan, ti ń gbé ẹrù yẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Fóònù ńkọ́?

Iye wákàtí tó ń lò lórí rẹ̀ kò sọ púpọ̀ fún wa. Ìyípadà ló ń sọ̀rọ̀ níbí náà: ọmọ tó ṣàdédé pa gbogbo àkántì rẹ̀ rẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí fóònù bá dún, tàbí tó ń fi í pamọ́ tìjayà-tìjayà. Ẹnì kan lè máa halẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀.

Àwọn àmì wo ni kò gbọdọ̀ di ọ̀la?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìpara-ẹni sí ipò kẹta nínú ohun tó ń pa àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29 jù lọ, nítorí náà màá là á mọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá ń sọ pé ayé ìbá dẹrùn fún yín ká ní òun kò sí, tàbí pé ẹrù lòun jẹ́. Bó bá ń pín ohun tó fẹ́ràn jù fún àwọn èèyàn. Bó bá ń kọ ọ̀rọ̀ tó jọ ìdágbére. Bó bá ń wá ọ̀nà ikú kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ṣe nǹkan. Ọ̀kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ: ọmọ tó ti wà nínú ìrẹ̀wẹ̀sì fún ìgbà pípẹ́, tó wá ṣàdédé balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ láìsí ìdí kan tó hàn. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ń yá. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti pinnu. Ẹ bi í.

Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn, májèlé àti ohun ìjà kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tí ẹ wà, tàbí kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ṣé bíbéèrè kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn?

Ìbẹ̀rù yìí ló ń di ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu. Ní ọdún 2005, àwọn oníwàdìí gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín akẹ́kọ̀ọ́ 2,342 ní ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n bi apá kan nípa ìpara-ẹni, wọn kò bi apá kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n padà wá wo gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n bi kò ní ìdààmú ju àwọn tí wọn kò bi lọ, èrò ikú kò sì pọ̀ sí i lọ́kàn wọn. Láàárín àwọn tí ìsoríkọ́ ti ń bá jà tẹ́lẹ̀, ó tilẹ̀ jọ pé ìbéèrè náà mú kó fúyẹ́.

Nítorí náà, ẹ béèrè, kí ẹ sì béèrè ní gbangba: “Ṣé o ti ń ronú àtipa ara rẹ?” Ẹ má bi í pé, “O ò kúkú ń ro ìròkurò kan, àbí?” Ìbéèrè tó ti ní ìdáhùn nínú, ìdáhùn yẹn nìkan lẹ máa gbọ́.

Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?

Ẹ má pè é jókòó síwájú yín bí ẹni tó fẹ́ jẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn nígbà tí ẹ bá jọ ń ṣe nǹkan, tí ojú kò kojú: nínú ọkọ̀, lórí ìrìn, níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí, ẹ má sọ ìdájọ́ tí ẹ ti dá. “O ti ya ọ̀lẹ” ìdájọ́ ni. “Mo rí i pé o kò lọ síbi bọ́ọ̀lù mọ́ láti oṣù tó kọjá, mo sì ń rò ọ́” ni ohun tí ẹ rí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ló le jù fún àgbà. Ìmọ̀ràn ti wà ní gẹ́rẹ́ ẹnu. Ẹ gbé e mì.

Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ lè bi í pé, “Ṣé kí n kàn máa gbọ́ ni, àbí o fẹ́ ká jọ wá nǹkan ṣe sí i?” Bó bá ní kí ẹ búra pé ẹ kò ní sọ fún ẹnì kankan, ẹ má búra. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò ní tú àṣírí rẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu, ẹ máa wá olùrànlọ́wọ́, òun náà sì máa mọ̀ sí i.

Ó sì ṣeé ṣe kó ní “Kò sí nǹkan kan.” Ọ̀pọ̀ òbí máa ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ọkàn wọn á sì fúyẹ́. Ẹ ní, “Kò burú, màá tún béèrè,” kí ẹ sì tún béèrè lóòótọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà àkọ́kọ́, ó lè máa dán yín wò bóyá ẹ fẹ́ gbọ́.

Ta ni kí a lọ bá?

Dókítà tó ń tọ́jú ìdílé, olùdámọ̀ràn ilé ìwé, tàbí onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ. Ìtọ́jú tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò ni ìjíròrò: wọ́n á máa bá ọmọ náà pàdé lóòrèkóòrè, wọ́n á kọ́ ọ bó ṣe lè dá èrò tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ̀ àti bó ṣe lè fèsì sí i. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà lè fi oògùn kún un. Ẹ má ní kẹ́ ẹ dúró kó dàgbà kúrò nínú rẹ̀: ìdajì àìsàn ọpọlọ tí à ń rí lára àgbàlagbà ló ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹni náà tó pé ọdún 18, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ.

Ẹ kọ nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ: ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ rí ìyípadà, bí oorun àti oúnjẹ ṣe rí, ohun tó ti pa tì, bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ní irú rẹ̀ rí. Ẹ gbà kí dókítà bá ọmọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìsí yín níbẹ̀. Ohun tí kò lè sọ lójú yín ló máa sọ. Bó bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò lọ, tí ẹ̀mí rẹ̀ kò sì sí nínú ewu lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ dá lọ. Wọ́n lè kọ́ yín ní ohun tí ẹ lè máa ṣe nílé títí ọmọ á fi gbà láti tẹ̀ lé yín.